Charles Blackley, Oníṣègùn Tí Ó Fi Imú Ara Rẹ̀ Wá Ìdí Àìsàn

Ẹni tí ó bá dé ọjà Nkololoun ní àdúgbò New Bell, nílùú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ní òwúrọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń tú béèlì òkìrìkà, yóò gbọ́ ohùn kan tí ó yàtọ̀ sí ohùn ìnájà. Ohùn náà ni sísín. Bí wọ́n ti ń gbọn ẹ̀wù ni eruku ń gbéra. Bí eruku sì ti ń gbéra ni ẹnìkan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sín, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí omi yóò máa dà ní imú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ yóò sì pọ́n bí ojú ẹni tí ó sunkún mọ́jú. Ẹni tí ó jókòó tì í, tí ó ń tú irú béèlì kan náà, lè má sín rárá. Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, òwe náà kò ṣẹ, nítorí eruku kan náà ni àwọn méjèèjì fà símú. Ọ̀kan ń jìyà, èkejì ń tajà rẹ̀ lọ.

Bí a bá bèèrè ohun tí ó fa irú èyí lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá, kò ní ṣòro láti gbọ́ ìdáhùn mẹ́wàá. Ẹnìkan yóò ní òtútù ni, ẹlòmíràn yóò ní ooru ni. Ẹnìkan yóò ní ọ̀fìnkìn tí a kò wò jinná ni, ẹlòmíràn yóò sì ní kì í ṣe ojú lásán. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má ṣe rò pé àwa nìkan ni a wà nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù ń bá ara wọn jiyàn lórí àìsàn kan náà. Ọkùnrin tí ó já kókó náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, kì í sì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Ọmọ ilé ìtẹ̀wé ni, ó sì ti pé ẹni ọdún 35 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Charles Harrison Blackley ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ó kan olúkúlùkù wa tí ó ní imú.

Ìlú Bolton ní Lancashire, ní Ìlú Ọba, ni a gbé bí Blackley ní ọdún 1820. Lákòókò náà, òwú ni gbogbo agbègbè yẹn ń jẹ, òwú ni wọ́n ń mu. Èéfín ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sì bo ojú ọ̀run Manchester, ìlú ńlá tí ó wà nítòsí wọn. Ní Manchester yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ fínfín àwòrán sára irin. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni. Ẹni tí ń fín irin kò gbọdọ̀ kánjú, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fo ohun kékeré. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ síbi ìgbádùn, ìwé ni òun ń kà. Ó kọ́ ìmọ̀ nípa ewéko, ó kọ́ ìmọ̀ nípa àwọn èròjà, ó sì kọ́ bí a ti ń lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ìfẹ́ ìmọ̀ ni ó ń tì í.

Ní ọdún 1855 ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó wà ní Pine Street ní Manchester, láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí òun fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ. Ní ọdún 1858 ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ṣí ibi ìtọ́jú sílẹ̀ ní àdúgbò Hulme. Ọ̀nà ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní homeopathy ni ó ń tẹ̀ lé, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣègùn ìgbà náà kò kà sí. Nítorí náà, kò sí yunifásítì lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ilé ìwòsàn ńlá, kò sì sí owó ìjọba. Ohun tí ó ní ni ilé rẹ̀, awò rẹ̀, àti àìsàn kan tí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Àìsàn náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ibà koríko gbígbẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibà ní tòótọ́. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn bá ti ń wọlé, tí àwọn àgbẹ̀ ń múra láti gé koríko tí wọn yóò sá fún ẹran ọ̀sìn, imú Blackley yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Yóò máa sín láìdáwọ́ dúró. Omi yóò máa ṣàn ní imú rẹ̀. Ihò imú yóò dí ní òru. Ojú yóò pọ́n, yóò sì máa yún. Bí oṣù bíi méjì bá kọjá, gbogbo rẹ̀ yóò lọ bí ẹni pé kò wá rí. Lọ́dún tí ń bọ̀, yóò tún padà dé.

Kì í ṣe Blackley ni ó kọ́kọ́ ròyìn àìsàn yìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1819, nígbà tí òun kò tíì dé ayé, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ John Bostock ka ìwé kan níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣàlàyé ìyà ọkùnrin ẹni ọdún 46 kan, tí ojú, imú àti àyà ń dà á láàmú ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn láti ìgbà èwe. Bostock fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wá àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ń ṣe kiri, ènìyàn 28 péré ni ó sì lè kó jọ nínú ìwé kejì tí ó gbé jáde ní ọdún 1828. Ó dá ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́bi, kò sì gbà pé koríko ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀. Àwọn ará ìlú ní òórùn koríko gbígbẹ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Philipp Phoebus, kọ ìwé ńlá ní ọdún 1862, ó sì ka ooru àkọ́kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí pàtàkì. Helmholtz, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, tí àìsàn náà ń bá jà, gbà pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó wọ inú imú; ó sì ń da omi kuníìnì sí ihò imú rẹ̀ láti fi pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ̀rí kò tó nǹkan.

Ní ọdún 1859 ni Blackley pinnu pé òun kò ní gba ohunkóhun gbọ́ mọ́ láìdán an wò. Ta ni yóò wá dán an wò lára ta? Kò fẹ́ kó ìyà bá àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìwòsàn. Ara ti ara rẹ̀ ni ó lò. Ohun tí ó gbé ìtàn rẹ̀ níyì nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ oró àìsàn náà tó o, síbẹ̀ òun ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè é wá.

Ó mú ohun tí àwọn ènìyàn ń dá lẹ́bi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fa èròjà tí ń fún koríko gbígbẹ ní òórùn dídùn símú, kò sín. Ó fa ozone símú, kò sín. Ó dúró nínú ooru àti nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní àkókò tí àìsàn náà kì í jà. Kò ṣe é ní nǹkan. Bí ó ti ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láre ni iye afurasí ń dín kù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré méjì ni ó ṣí i lójú. Àwọn ọmọ rẹ̀ já koríko tí ó ní òdòdó, wọ́n kó o sínú ìkòkò òdòdó nínú iyàrá. Nígbà tí baba wọn sún mọ́ ọn tí ó sì fọwọ́ kàn án, lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ fò jáde, lẹ́sẹ̀ kan náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ní ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan kọjá lójú ọ̀nà, eruku sọ, sísín sì gbé e. Ẹlòmíràn ì bá nu imú rẹ̀ kí ó máa lọ. Blackley bu nínú eruku náà, ó sì gbé e sábẹ́ awò rẹ̀. Kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni ó rí. Àwọn hóró róbótó kéékèèké wà láàrin rẹ̀, irú èyí tí ó ti mọ̀ láti ìgbà tí ó ti ń kọ́ nípa ewéko. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ni.

Lẹ́búlẹ́bú yìí ni akọ òdòdó ń tú jáde kí abo lè so èso. Ẹ̀yin tí ẹ bá dúró nínú oko àgbàdo nígbà tí ó yọ irùkẹ̀rẹ̀ lórí, tí ẹ sì mì ín, ẹ ó ti rí i bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Òdòdó mìíràn a máa bẹ oyin lọ́wẹ̀ láti gbé tirẹ̀. Ti koríko, atẹ́gùn ni ẹrù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí atẹ́gùn bá sì ń gbé, imú ni ó ń dé.

Blackley bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́búlẹ́bú onírúurú ewéko jọ. Ó fi í sínú imú rẹ̀, ó sì sín. Ó fi í kan ojú, ojú wú, ó sì pọ́n. Ó fi í sórí ahọ́n, ó sì fà á sínú ọ̀fun. Ó ha awọ apá rẹ̀ ní ibi méjì. Ó fi lẹ́búlẹ́bú tútù sí ọ̀kan, ó fi omi lásán sí èkejì. Ibi tí ó fi omi sí kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí ó fi lẹ́búlẹ́bú sí wú sókè, ó sì ń yún un gidigidi. Títí di òní, nígbà tí oníṣègùn bá fẹ́ mọ ohun tí kò bá ara ènìyàn kan mu, irú ìdánwò orí awọ bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe.

Kò dúró níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́búlẹ́bú tí ó wà lójú ọ̀run pọ̀ tó láti dá ènìyàn láàmú. Ó fi ohun tí ń lẹ̀ kun orí dígí pẹlẹbẹ, ó gbé e síta ní ojoojúmọ́, ó sì ń ka hóró tí ó bá lẹ̀ mọ́ ibi kékeré kan tí ó wọn sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1866, ó ka 880. Bí òjò bá rọ̀, iye náà á wálẹ̀; bí ilẹ̀ bá gbẹ, á gòkè; bí ó bá sì ti gòkè ni àìsàn òun náà ń le. Àwọn kan lè ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni lẹ́búlẹ́bú wà. Ó so dígí rẹ̀ mọ́ bébà tí a ń fi okùn fò, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣeré, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ sókè ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lẹ́búlẹ́bú tí ó bá níbẹ̀ pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ wo oníṣègùn àgbà tí ó dúró ní pápá, tí ó di okùn mú bí ọmọ kékeré, tí àwọn tí ń kọjá lọ ń wò ó!

Ìdánwò kan wà tí kò tún ṣe mọ́ láé. Ó jẹ́ kí koríko ọkà tútù bu, ó sì fa òórùn àti ìyẹ̀ funfun tí ó hù lára rẹ̀ símú. Ohùn rẹ̀ há títí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́, àyà rẹ̀ sì dí tó bẹ́ẹ̀ tí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yé e láti ọjọ́ náà pé kì í ṣe òdòdó nìkan ni ọ̀tá imú. Ohun tí ó bu nínú ilé lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a ń gbé ní ẹ̀bá òkun Gúúsù ni ẹ̀kọ́ yìí kàn jù. Douala wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Ní irú ibẹ̀, aṣọ inú àpótí, ògiri ilé àti tìmùtìmù kì í pẹ́ bu.

Ní ọdún 1873, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Charles Darwin, onímọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, kà á, ó sì fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́ sí i ní ọdún náà gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò tètè gbà. Ní Amẹ́ríkà, George Beard kọ ìwé ní ọdún 1876 pé iṣan ara tí kò lágbára ni ó ń fa àìsàn náà. Blackley kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tún ìwé mìíràn tẹ̀ jáde ní ọdún 1880, ó sì ń bá ìtọ́jú àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ó ṣe é ní kàyéfì. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gé koríko, tí lẹ́búlẹ́bú ń bò láti àárọ̀ di alẹ́, kì í sábà sín. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́lá tí ń gbé inú ìlú ni ó ń ṣe. Ó rò ó sọ́tùn-ún sósì: bóyá ìwé kíkà ni ó ń sọ ara di ẹlẹgẹ́, bóyá ara àgbẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n lára. Èrò rẹ̀ àkọ́kọ́ kò dúró. Ti èkejì súnmọ́ òtítọ́, nítorí ìwádìí òde òní ní Yúróòpù fi hàn pé àwọn ọmọ tí a tọ́ dàgbà láàrin ẹran ọ̀sìn nínú oko kì í sábà ní àìsàn yìí bí àwọn ọmọ ìlú.

Blackley kú ní ọdún 1900, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó mọ ìdí àìsàn náà, kò sì rí ìwòsàn rẹ̀. Títí ó fi dàgbà ni imú rẹ̀ ń rán an létí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí wọlé. Ní ọdún 1906, Clemens von Pirquet ní Vienna fún irú àwọn àìsàn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan náà, allergy. Ní ọdún 1911, Leonard Noon ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ gún àwọn aláìsàn pẹ̀lú omi lẹ́búlẹ́bú, díẹ̀díẹ̀, kí ara wọn lè mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ní Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn pé kòkòrò kékeré kan tí ń gbé inú eruku ilé àti ibùsùn, tí ojú lásán kò lè rí dáadáa, ni ó ń mú kí eruku ilé máa bá ènìyàn jà. Láàrin ọdún 1966 sí 1967, tọkọtaya Ishizaka ní Amẹ́ríkà, àti Johansson pẹ̀lú Bennich ní Sweden, rí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní IgE, èyí tí ń gbé ìjà náà dìde.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara ènìyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń lé kòkòrò àrùn jáde. Lára àwọn kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa ṣi àlejò jẹ́jẹ́ mú bí olè. Lẹ́búlẹ́bú tí kò lè pa eṣinṣin á wọ imú, wọ́n á pariwo, wọ́n á tú omi jáde, ilẹ̀kùn imú á sì wú pa dé. Ìjà tí a ń rí kì í ṣe ti eruku. Ti ara fúnra rẹ̀ ni. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Báwo ni a ó ṣe yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fìnkìn? Ọ̀fìnkìn a máa wá pẹ̀lú ara gbígbóná tàbí ara ríro, a máa ran ẹlòmíràn, kì í sì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tí a ń wí kì í gbé ara gbóná, kì í ranni. Omi imú rẹ̀ mọ́ gaara. Imú, ojú àti òkè ẹnu a máa yún. A sì máa pẹ́, tàbí kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ nígbàkigbà tí eruku, ọyẹ́, ológbò, aáyán tàbí aṣọ tí ó bu bá sún mọ́ni. Ọmọ tí ó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti imú rẹ̀ sókè nígbà gbogbo, tí ó ń fi ẹnu mí ní òru, tí ó sì ń tòògbé ní ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí àwọn òbí má ṣe nà án. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè é ní àìsàn òyìnbó. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí káàkiri àgbáyé láàrin àwọn ọmọdé ní nǹkan bí ọdún 1995, wọ́n dé Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 13 àti 14 níbẹ̀ ni ó sì sọ pé ó ń ṣe àwọn. Kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n a máa jí oorun gbé, a máa dí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ lọ́wọ́. Òun àti ásímà tí ń ṣéni lémìí sì jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tí ó bá ń sín tí àyà rẹ̀ sì ń dún fíì-fíì kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Oògùn wà lóde òní tí Blackley kò ní: ti ẹnu tí ń dẹ́kun sísín àti yíyún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn a máa kunni lóorun, tí awakọ̀ sì gbọdọ̀ ṣọ́ra, àti èyí tí a ń fín sí imú ní ojoojúmọ́ nípa àṣẹ oníṣègùn. Kí a fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, kí a sì sá a sí oòrùn. Kí a ṣí fèrèsé ilé tí ó tutù. Kí ẹni tí ń tú béèlì di aṣọ mọ́ imú, kí ó sì tú u síta gbangba.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a kọ́ ìwà ọkùnrin náà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wí pé ooru ni, òórùn ni, ẹ̀mí àìrí ni, òun bu eruku tí ó mú un sín, ó sì wò ó. Ẹni tí ó bá ń sín ní Nkololoun lọ́la, kí ó tó dá ọ̀tá ilé lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.